Irun mi ti dé ìbàdí, ó sì ti ń já: ṣé kí n gé e ni?

Ìyá Ọmọ Tuntun, Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin ìyá mi àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ irun orí mi ni mo fẹ́ gba ìmọ̀ràn lé lórí. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé-ìwé ni n kò ti jẹ́ kí àlùmọ́gàjí kàn án, n kò sì fi oògùn tó ń na irun sí i rí. Ní báyìí, bí mo bá fi òwú kó o tí ó sì nà tán, ó dé ìbàdí mi. Ìyá mi ló ń bá mi kó o nígbà ayé rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi ṣòro fún mi láti gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kí n gé e.

Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Láti ìgbà tí mo bá ti tú u, tí mo yà á, tí mo fọ̀ ọ́, tí mo fi òrí pa á, títí tí yóò fi gbẹ, ilẹ̀ ti ṣú. Atẹ́gùn ọ̀sà kì í jẹ́ kí ó tètè gbẹ níhìn-ín, bí mo bá sì dì í ní tútù, ó máa ń rùn. Tí ọyẹ́ bá tún dé, á gbẹ kọjá ààlà, á máa ta kókó, á sì máa kán sí mi lọ́wọ́. Zẹ̀míjàn, ọ̀kadà akérò wa níhìn-ín, ni mo ń gùn lọ sọ́jà ní Wándó, akoto tí mo ń dé kì í sì gba irun mi.

Èyí tó wá dẹ́rù bà mí jù ni pé ọmọ tí mo bí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó ni, láti bí oṣù mélòó kan sì ni irun ti ń bọ́ lórí mi ní ẹ̀kún ọwọ́, pàápàá ní ẹ̀bátí. Ìyá ọkọ mi ní kí n gé e kí orí mi lè sinmi. Ṣé òótọ́ ni pé irun gígùn ló ń fa irun bíbọ́? Kí ni mo lè ṣe tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò fi dín kù?

Ìyá Onídìrí, Kétu

Àbúrò mi, o kú ewu ọmọ, Olúwa yóò wò ó. Má tíì gé nǹkan kan. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá jókòó síwájú mi pẹ̀lú irun bíi tìrẹ: ọjọ́ orí irun ni kí o máa rò, má wo gígùn rẹ̀ nìkan. Irun orí ènìyàn ń hù ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lóṣù, èyí tó ká kọ́rọ́kọ́rọ́ bíi tiwa kì í sì sábà tó bẹ́ẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé bí irun bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 60, ṣóńṣó rẹ̀ ti rí oòrùn, ọṣẹ, òòyà àti òjò fún ọdún 5 ó kéré tán. Àwọn tó ń sọ pé irun àwọn kì í kọjá èjìká, irun wọn ń hù bíi ti gbogbo ènìyàn, bí ó ti ń hù láti ìsàlẹ̀ ni ó ń kán lókè. Ṣóńṣó yìí ni gbogbo ìtọ́jú irun gígùn wà fún.

Nítorí náà, má ṣe tú gbogbo irun rẹ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí o bá fẹ́ fọ̀ ọ́. Pín in sí ọ̀nà mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, kí o lọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o sì fọ̀ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọṣẹ dúdú dára fún awọ orí, ṣùgbọ́n omi eérú tí a fi ń sè é máa ń mú kí ara irun le. Fi omi pò ó títí yóò fi ṣàn, awọ orí ni kí o fi fọ̀, kí ìfófòó tó ń ṣàn wálẹ̀ sì fọ ìyókù. Má ṣe kó irun jọ sókè orí kí o máa bó o bí ẹni ń fọ aṣọ, ibẹ̀ ni kókó ti ń bẹ̀rẹ̀.

Irun tó ká bíi tiwa, a kì í yà á ní gbígbẹ. Fi omi àti òróró rọ̀ ọ́, fi ìka tú u, kí o tó mú òòyà eléyín gbàgẹ̀rẹ̀, kí o sì bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó, kí o máa gòkè lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ti ti òòyà bọ ìdí irun tí ó sì fà á wálẹ̀, kókó ni yóò kó jọ sójú kan, yóò sì já a.

Ní ti òróró, àdín àgbọn ni kí o fi pa á ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú fífọ̀, nítorí pé ó máa ń wọ inú irun lọ, kì í sì jẹ́ kí omi mú un wú jù. Òrí ní tirẹ̀, ẹ̀yìn fífọ̀ ni, nígbà tí irun ṣì ń tutù díẹ̀, kí ó lè dá omi náà dúró. Ẹni tó ń fi òrí pa irun tó ti gbẹ kan ń pààrọ̀ dídán rẹ̀ ni. Èyí ló fà á tí ọyẹ́ fi ń dà ọ́ láàmú.

Fi òwú kó o kí ó lè nà kí ó sì gbẹ, má ṣe fi iná sún mọ́ ọn. Bí ṣóńṣó bá ti là sí méjì, gé ìbú ìka kan kúrò, torí pé lílà náà máa ń gun òkè lọ. Gígé kì í mú irun hù o, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ. Ó kàn ń gba èyí tó kù là.

Agbẹ̀bí kan, Sábẹ̀ẹ́

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá Ọmọ Tuntun. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti irun tó ń bọ́, nítorí pé ojoojúmọ́ ni àwọn ìyá ń bá mi sọ ọ́. Nígbà oyún, ọ̀pọ̀ irun tí ì bá ti bọ́ ni kì í bọ́, ìdí nìyẹn tí orí aláboyún fi máa ń kún. Lẹ́yìn ìbímọ, gbogbo wọn á jọ lọ sínú ìsinmi, á sì di nǹkan bí oṣù kẹta kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í jọ bọ́. Kò kan gígùn irun rárá. Fún ọ̀pọ̀ ìyá, ó máa ń padà sí bí ó ti wà kí ọmọ tó pé ọdún 1 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀.

Ẹ tún rántí pé irun 50 sí 100 ló ń bọ́ lórí ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lóòjọ́. Bí ẹ bá di irun fún ọ̀sẹ̀ méjì, èyí tó bọ́ kò ní ọ̀nà àtijáde, inú ìdì náà ni yóò wà títí di ọjọ́ tí ẹ bá tú u. Ẹ̀kún ọwọ́ tó dẹ́rù bà yín yẹn, ti ọjọ́ púpọ̀ ni. Ẹ wo ìdí rẹ̀: bí ẹ bá rí kóró funfun kékeré, ó bọ́ láti awọ ni, bí ó bá kúrú tí kò sì ní kóró, ó kán ni, ìmọ̀ràn Ìyá Onídìrí ni ẹ ó sì tẹ̀ lé.

Ẹ̀bátí yín nìkan ló ń kọ mí lóminú. Bí ó bá ń dùn yín lẹ́yìn dídì, tàbí tí eéwo kéékèèké ń sú níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u lọ́jọ́ náà. Irun tó gùn tó bẹ́ẹ̀ wúwo, bí a bá fi ṣe ṣùkú gan-an lókè orí, ìdí iwájú ni gbogbo ìwúwo náà ń fà. Bí ó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, ìdí irun á kú, kò sì ní hù mọ́. Bí òòyì bá ń kọ́ yín tàbí tí ó ń rẹ̀ yín ju bó ṣe yẹ, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, nítorí pé àìtó ẹ̀jẹ̀ náà máa ń mú irun bọ́. Bí orí bá sì pá róbótó tí ó ń hó pẹ̀lú ìpẹ́ funfun, ó lè jẹ́ làpálàpá, ẹ má ṣe fi òróró bò ó.

Àbúrò láti Wándó

Ẹ̀gbọ́n mi, èmi gé tèmi dé èjìká lẹ́yìn ọmọ kejì, n kò sì kábàámọ̀. Bí agbára yín kò bá gbé e lásìkò yìí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá yín lẹ́bi. Yóò tún hù.

Ìyá Ọmọ Tuntun, Àjàṣẹ́

Ẹ ṣé gan-an ni. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi yé mi, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò tíì sí níbẹ̀, mo fẹ́ kọ́kọ́ tú ìdì orí mi yìí. Ohun méjì ló kù. Obìnrin kan ń ta òróró kan lọ́jà, ó fi àwòrán obìnrin ará Ṣáínà tí irun rẹ̀ ń wọ́lẹ̀ hàn mí, ó ní òróró náà ló mú un gùn. Èkejì ni ti akoto àti ti orí ìrọ̀rí.

Ìyá Onídìrí, Kétu

Má fi owó rẹ ra á. N kò mọ ẹni tó wà nínú àwòrán yẹn, ṣùgbọ́n ará Ṣáínà tí òkìkí irun rẹ̀ kàn jù ni Xie Qiuping. Ọdún 1973 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí irun rẹ̀ gùn, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 13, nígbà tí wọ́n sì wọ̀n ọ́n ní oṣù Karùn-ún ọdún 2004, ó gùn tó mítà 5.627. Irun ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dàgbà fún ọdún 2 sí 7 kí ó tó sinmi kí ó sì bọ́, irun tirẹ̀ kò sì dúró níbẹ̀. Àbímọ́ ni irú èyí, kò sí òróró tó lè fún ẹni tí a kò bí i mọ́.

Ní ti akoto, pa ṣùkú tì. Dì í ní kòlẹ́sẹ̀ méjì tàbí mẹ́rin tó lẹ̀ mọ́ orí, kí ó parí sí ìpàkọ́, kí o ká ṣóńṣó rẹ̀ wọ inú aṣọ ṣẹ́dà tàbí sátìn kí o tó dé akoto lé e. Aṣọ kan náà ni kí o fi wé e sùn, nítorí pé òwú ìrọ̀rí ń fa òróró kúrò lára irun, ó sì ń ha á. Bí ìrìn bá gbé ọ wá sí Kétu, má ṣe tú irun náà kí o tó dé. Mo fẹ́ fojú ara mi rí bí wọ́n ṣe fà á ní ẹ̀bátí.