Àbọ̀ ọ̀rọ̀ àpótí ìwé ìròyìn wa: wọ́n ti fún wa láṣẹ

Ẹ kú ojú lọ́nà. Ìbéèrè tí mo bi yín tẹ́lẹ̀ ni pé ṣé ìlú tí a ń gbé ní Amẹ́ríkà lè ní ká má gbé àpótí ìwé ìròyìn ọ̀fẹ́ Yorùbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ìwé àṣẹ ti jáde o.

Ẹjọ́ Lakewood ní Ohio, tí ẹ tọ́ka mi sí, ló là mí lójú. Ọwọ́ mẹ́yọ̀, olórí ìlú, ni òfin ibẹ̀ fi àṣẹ gbígbé àpótí ìwé ìròyìn sí, kó gbà tàbí kó kọ̀ bó ṣe wù ú. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ wọ́gi lé e lọ́dún 1988: láìsí ìlànà tó ṣe kedere, aláṣẹ lè fi du ìwé ìròyìn tó ń bú u. Ìlú Cincinnati náà ní Ohio fẹ́ kó àpótí 62 kúrò torí pé ìpolówó ọjà ló wà nínú wọn, ó sì fi èyí tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ sílẹ̀! Ilé ẹjọ́ yìí wọ́gi lé ìyẹn náà ní 1993.

Ìlú wa ní ká má dí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara, ká jìnnà sí ẹ̀rọ omi panápaná. Ìyẹn dáa. Ìnṣọ́ránsì tí wọ́n ní ká rà ló ń dunni, ó wọ́n ju àpótí lọ.

Ó parí. Ẹ ṣeun gan-an.