Gọ́ọ̀mù wo ló yẹ fún rọ́kẹ́ẹ̀tì páálí?

Tísà JETS, Kàbà
Ọ̀kun o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ JETS (ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ilé ẹ̀kọ́) tí mo ń bójú tó ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré. Káádíbọ́ọ̀dù la ká mọ́ igi roboto láti fi ṣe ara rẹ̀, pílaìwúùdù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ la gé ṣe ìyẹ́ mẹ́ta, arère la sì gbẹ́ fún imú. Ìdí rẹ̀ la fẹ́ kan ilé ẹ́ńjìnnì mílímítà 18 sí. Ọmọ kan fi súpà glúù lẹ ìyẹ́, ó mú lójú ẹsẹ̀, inú gbogbo wọn dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó já láti orí tábìlì sórí sìmẹ́ńtì, ìyẹ́ méjì ló ṣí dànù. Top Bond, gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà, wà lọ́jà, épọ́ksì onítúùbù méjì wà, gọ́ọ̀mù àwọn ṣọbàtà wà, èyí tí wọ́n ń fi iná yọ́ náà wà. Èwo ni kí n rà? Owó ẹgbẹ́ ò pọ̀.

Káfíńtà Ìsánlú
Ọ̀kun o, Tísà. Ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ. Top Bond ni kẹ́ ẹ rà, òun ló máa ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yẹn. Páálí àti igi ń mu omi. Omi ló gbé gọ́ọ̀mù funfun yẹn wọ inú wọn. Tí omi bá ti gbẹ, wọ́n ti di ara kan. Bí ẹ bá fẹ́ fà á yà, páálí fúnra rẹ̀ ló máa ya, ojú ibi tẹ́ ẹ lẹ̀ kò ní ṣí. Súpà glúù le, ṣùgbọ́n kì í tẹ̀. Bí nǹkan bá gbá a lójijì, ṣe ló máa ń ṣẹ́. Ohun tó ṣe ìyẹ́ yín nìyẹn. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kankan fi òwú tàbí aṣọ kọ́tìnì nù ún, ó lè gbóná débi tó máa jó wọn lọ́wọ́.

Ẹ fi sáńdípépà ha ibi tí ìyẹ́ máa jókòó sí kí dídán rẹ̀ lọ. Ẹ fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ pa ẹnu ìyẹ́ àti ara páálí, ẹ jẹ́ kó wọlé fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kẹ́ ẹ tún fi díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ẹ máa rí i bó ṣe máa gbá a mú. Ó di ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka fa gọ́ọ̀mù tín-ín-rín sí ìsàlẹ̀ ìyẹ́ lọ́tùn-ún lósì, kẹ́ ẹ dá rọ́kẹ́ẹ̀tì náà dùbúlẹ̀ kó má baà ṣàn. Bẹ́ ẹ bá rọ ọ́ nípọn lẹ́ẹ̀kan, á hó, á sì sún kì. Tó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, ẹ wọlé ṣe é. Ọyẹ́ ọ̀hún á ti gbẹ ojú gọ́ọ̀mù kẹ́ ẹ tó gbé igi lé e.

Ilé ẹ́ńjìnnì nìkan ni mo máa ní kẹ́ ẹ ra épọ́ksì kékeré fún. Bẹ́ ẹ bá ń ti òrùka pákó tó máa di ilé ẹ́ńjìnnì mú wọ inú páálí pẹ̀lú Top Bond, omi rẹ̀ á mú páálí wú, òrùka á há sí ìdajì ọ̀nà, kò sì ní lọ kò ní bọ̀. Épọ́ksì máa ń yọ̀ títí tó fi dé àyè rẹ̀.

Gọ́ọ̀mù oníná á rọ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Ti ṣọbàtà, rọ́bà ni: ó dára fún bàtà tó ń tẹ̀, ìyẹ́ ò sì gbọdọ̀ máa gbọ̀n.

Ọmọ Ayétòrò
Bàbá, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí wọn ò kúkú lo épọ́ksì fún gbogbo rẹ̀? Òun náà ló le jù.

Káfíńtà Ìsánlú
Àbúrò, ó le lóòótọ́, ó sì wúwo. Kí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó lè lọ tààrà, ibi tí ìwọ̀n rẹ̀ ti dọ́gba gbọ́dọ̀ sún mọ́ imú ju ibi tí agbára afẹ́fẹ́ ti ń kó jọ sí lára rẹ̀ lọ. Épọ́ksì tẹ́ ẹ bá kó sídìí ń fa ìwọ̀n yẹn sẹ́yìn, rọ́kẹ́ẹ̀tì á sì máa ta kìtì lókè. Nínú ooru oṣù kẹta, épọ́ksì tó ń gan ní ìṣẹ́jú márùn-ún lè gan mọ́ ọmọ lọ́wọ́ kó tó lò ó tán. Bí túùbù méjèèjì ò bá sì dọ́gba nínú pípò, kò ní gbẹ dáadáa.

Ọmọ Yàgbà
Tísà, ẹ́ńjìnnì ńkọ́, níbo lẹ ti máa rí i? Ọkọ̀ òfuurufú kì í gbà á nínú ẹrù èrò, ì báà ṣe ti ọwọ́ tàbí ti abẹ́ ọkọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni po ẹ̀tù sínú páìpù. Ọwọ́ àti ojú ọmọ ló ń bá a lọ. Ẹ fi rọ́kẹ́ẹ̀tì olómi bẹ̀rẹ̀ ná: ìgò ike, omi nínú rẹ̀, àti afẹ́fẹ́ tẹ́ ẹ fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ fún sínú rẹ̀ láti tì í sókè.

Tísà JETS, Kàbà
Ẹ̀tù ò ní wọ ọgbà wa láé. Mo gba ti ìgò. Bàbá, ṣé Top Bond á mú un?

Káfíńtà Ìsánlú
Rárá o. Ike ìgò kì í mu omi, á kàn ṣí kúrò bí èèpo ni. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù oníná kàn án, ẹ má sì fi sáńdípépà ha á, torí ìgò yẹn ló máa di afẹ́fẹ́ mú. Bí ara rẹ̀ bá ti rẹ̀ níbì kan, ó lè bẹ́. Ẹ gé àárín ìgò mìíràn bíi rẹ̀, òun ni kẹ́ ẹ ha, òun ni kẹ́ ẹ fi épọ́ksì lẹ ìyẹ́ mọ́, kẹ́ ẹ wá wọ̀ ọ́ sí ìgò gidi lọ́rùn kẹ́ ẹ fi sẹ́lótéèpù dè é. Okùn gígùn ni kí wọ́n fi tú u láti òkèèrè. Bẹ́ ẹ bá ti lẹ ìyẹ́ tán, ẹ gbé fọ́tò rẹ̀ síbí kí n wò ó kẹ́ ẹ tó fún un ní afẹ́fẹ́.