Spread NFL, ọ̀sẹ̀ kìíní 2024: mo mú mẹ́wàá, ó di 5-4-1. Báwo lẹ ṣe ń yẹ irú ọ̀sẹ̀ báyìí wò?

Alákọsílẹ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Bí wọ́n ṣe ń tú àsọtẹ́lẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan palẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́, kì í ṣe kí n kàn ka iye tó wọlé àti iye tó gé. Àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ kìíní sáà 2024 ti NFL, bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ni mo gbé wá: márùn-ún wọlé, mẹ́rin gé, owó padà lórí ọ̀kan. Spread ni iye pọ́ìntì tí ẹgbẹ́ tó lágbára ń fúnni: −3 gbọ́dọ̀ fi ju pọ́ìntì 3 lọ borí, +3.5 ní 3.5 láti fi kún tirẹ̀; bí ìyàtọ̀ bá bá a mu gẹ́lẹ́, owó padà. Ìlà (nọ́ńbà spread) Ọjọ́rú ni mo lò fún gbogbo rẹ̀, owó kan náà ni mo sì fi lé ọ̀kọ̀ọ̀kan: ₦11,000 láti jẹ ₦10,000, ìyẹn −110.

Chiefs −3 sí Ravens: 27-20, ó wọlé
Texans −3 sí Colts: 29-27, ó gé
Dolphins −3.5 sí Jaguars: 20-17, ó gé
Bills −6.5 sí Cardinals: 34-28, ó gé
Seahawks −6 sí Broncos: 26-20, owó padà
Lions −4.5 sí Rams: 26-20, ó wọlé
Bengals −7.5 sí Patriots: 10-16, ó gé
Saints −3.5 sí Panthers: 47-10, ó wọlé
Vikings −1 sí Giants: 28-6, ó wọlé
Steelers +3.5 sí Falcons: 18-10, ó wọlé

Ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án ni mo mú tó ń fúnni ní pọ́ìntì. Mẹ́jọ nínú wọn ló borí eré, síbẹ̀ mẹ́rin péré ló kọjá spread. Ṣé 55.6% ni kí n kọ sílẹ̀ ni àbí 50%? Bills tó fi àbọ̀ pọ́ìntì gé yẹn ńkọ́, ṣé àṣìṣe mi ni àbí orí ò ṣe é? Ibo gan-an ni àtúnyẹ̀wò ti ń bẹ̀rẹ̀?

Baba Ìṣirò

Ẹ kú àkọsílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti owó kúrò nílẹ̀. Eré tí owó padà kì í wọ inú ìdá ọgọ́rùn-ún, torí náà 5 nínú 9 ni, 55.6%. Ní −110, ibi tí ẹ kò ti ní jèrè tí ẹ kò sì ní pàdánù ni 11 nínú 21, ìyẹn 52.38%. Èrè márùn-ún jẹ́ ₦50,000, àdánù mẹ́rin jẹ́ ₦44,000, ó ku ₦6,000 lórí ₦110,000 tí ẹ gbé kalẹ̀.

Ẹ kíyè sí óòdù tí ilé tẹ́tẹ́ yín ń san. Kì í ṣe gbogbo ojúlé ló ń san 1.91, ìyẹn −110, lórí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Tó bá jẹ́ 1.85, 54.05% lẹ nílò. Tó bá jẹ́ 1.80, 55.56% ni, ìyẹn 5 nínú 9 gẹ́lẹ́. Ọ̀sẹ̀ yìí kan náà, tíkẹ́ẹ̀tì yìí kan náà, ẹ ò ní rí kọ́bọ̀ jẹ níbẹ̀.

Ti pé bóyá ẹ mọ eré náà tàbí ẹ ò mọ̀ ọ́n, ọ̀sẹ̀ kan ò lè sọ ọ́. Ẹ ju owó ẹyọ sókè lẹ́ẹ̀mẹsàn-án: ìdajì gééré ni àǹfààní pé orí á hàn lẹ́ẹ̀marùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kódà ẹni tó ń gba 55% lóòótọ́ máa nílò nǹkan bíi tẹ́tẹ́ 1,500 kí nọ́ńbà rẹ̀ tó lè fi ìwọ̀n àṣìṣe (standard error) méjì jìnnà sí 52.38. Eré 272 ló wà nínú sáà kan kí ìdíje ìkẹyìn tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà bó bá tiẹ̀ mú gbogbo eré, ó ju sáà márùn-ún lọ. Nítorí náà ẹ má ṣe torí 5-4-1 yí ọ̀nà tí ẹ ń gbà mú eré padà, ẹ má sì torí ẹ̀ fi kún owó.

Ọ̀gá Ìlà

Ìṣirò Baba tọ̀nà. Ohun tó sọnù nínú àkọsílẹ̀ yín ni ìlà ìparí, nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ nígbà tí eré fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Láìsí i, ẹ ò lè mọ̀ bóyá ẹ ra ọjà pọ́ọ́kú tàbí ẹ rà á wọ́n.

Ẹ wo iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi kọjá ìlà yín tàbí tí kò fi dé e:

Texans −1
Dolphins −0.5
Bills −0.5
Seahawks 0
Lions +1.5

Eré márùn-ún nínú mẹ́wàá ló bọ́ sáàárín pọ́ìntì kan àbọ̀ sí ìlà, èsì yín níbẹ̀ sì jẹ́ 1-3-1. Níbi tí ọ̀rọ̀ dà sí nìyẹn. Ká ní ẹ rí Dolphins ní −3, tí ẹ sì rí Bills ní −6, owó ì bá padà lórí méjèèjì: 5-2-3. Èrè ₦28,000 dípò ₦6,000, láìsí pé ẹ mọ nǹkan kan ju bí ẹ ti mọ̀ lọ.

Nọ́ńbà gbogbo kọ́ ló wúwo bákan náà. Field goal (bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá gba àárín òpó) pọ́ìntì 3, touchdown (gbígbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá alátakò, pọ́ìntì 6) pẹ̀lú ìgbá tó tẹ̀ lé e (1) pọ́ìntì 7: bíi 15 nínú 100 eré ló ń parí pẹ̀lú ìyàtọ̀ 3, bíi 9 sì ń parí pẹ̀lú 7. Kí ẹ gba −3.5 dípò −3 wọ́n gidi, ju kí ẹ gba −5 dípò −4.5 lọ fíìfíì. Ìdí nìyẹn tí ilé tẹ́tẹ́ kan á fi gbé −3 sí −120, tí èkejì á gbé −3.5 sí +100. Ti àkọ́kọ́ fẹ́ 54.55% lọ́wọ́ yín, èkejì fẹ́ 50%. Ẹ kọ óòdù mọ́ ìlà nígbà gbogbo, torí ìlà láìsí óòdù kì í ṣe iye owó.

6 náà ti ń gbéra láti ìgbà tí wọ́n ti sún ìgbá tó ń tẹ̀lé touchdown sẹ́yìn ní 2015, torí wọ́n ń tàsé rẹ̀ ju tẹ́lẹ̀. Nínú eré 16 ọ̀sẹ̀ yẹn, mẹ́rin ló parí sí 6: Patriots, Bills, Seahawks, Lions. Ẹ má kọ́lé sórí ọ̀sẹ̀ kan ṣá, ti Lions ní ìdí tirẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé àbọ̀ pọ́ìntì ò jẹ́ nǹkan, kó wo Super Bowl XIII, àṣekágbá NFL, ní oṣù kìíní 1979. Steelers bẹ̀rẹ̀ ní −3.5, owó àwọn ará ìlú tì í dé −4.5, eré parí sí 35-31. Àwọn tó mú Steelers níbẹ̀rẹ̀ jẹ, àwọn tó mú Cowboys nígbẹ̀yìn náà jẹ. Àwọn ilé tẹ́tẹ́ Las Vegas ló sanwó fún ọ̀tún, tó tún sanwó fún òsì.

Bí ẹ ó ṣe mú ìlà ìparí: ìṣẹ́jú 90 ṣáájú eré ni wọ́n ń kéde àwọn tí kò ní wọ pápá, ìlà sì máa ń sá lẹ́yìn ìyẹn. Eré aago kan ọ̀sán ní New York jẹ́ aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ní Èkó nínú oṣù kẹsàn-án, ó di aago méje nígbà tí wọ́n bá yí aago padà ní Sunday àkọ́kọ́ oṣù kọkànlá. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú, ojúlé kan náà ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn lọ wá ìlà náà lọ́jọ́ kejì, kó sì mú èyí tó tù ú nínú láàárín ojúlé mẹ́fà.

Ìyá Ẹléré

Ọ̀gá, òótọ́ lẹ sọ nípa ìlà, àmọ́ ẹ̀yin tẹ ń wo nọ́ńbà nìkan, ẹ máa ń fo eré fúnra rẹ̀. Mo ka àkọsílẹ̀ yẹn, ibi tí alákọsílẹ̀ ti ṣìnà jù lọ kì í ṣe Bills. Saints ni.

Èsì Saints fi 33.5 kọjá ìlà. Bengals tó dà bí ìtìjú, 13.5 péré ni. Ìyàtọ̀ tó máa ń wà láàárín ìlà ìparí àti èsì ní NFL ní ìwọ̀n ìyapa (standard deviation) bíi pọ́ìntì 13, ìyẹn ni pé ti Bengals wà lára ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ ò retí pé Saints máa fi 37 na Panthers, kò sẹ́ni tó retí ẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì wọlé, òye wa nípa ẹgbẹ́ méjèèjì gé. Nínú àtúnyẹ̀wò, òun ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ ṣí, kí ẹ tó fọwọ́ kan ìlà ọ̀sẹ̀ kejì.

Ẹ wá wo bí àwọn tó kù ṣe wọlé tàbí tí wọ́n ṣe gé. Ìkẹyìn gbogbo eré Chiefs, Isaiah Likely ti Ravens gba bọ́ọ̀lù nínú end zone (òpin pápá tí wọ́n ti ń gba touchdown), ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kan ìlà ẹ̀yìn, wọ́n fagi lé touchdown náà. Ká ní ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ́ sínú ni, 27-26 ló máa jẹ́ kí Ravens tó gbìyànjú pọ́ìntì àfikún. Bí wọ́n bá gbìyànjú méjì, bó wọlé bó tàsé, −3 yín ti kú.

Lions: 20-20 ni nígbà tí àkókò pé. Ní àfikún àkókò, field goal kan lè fún wọn ní ìṣẹ́gun, síbẹ̀ á gé yín, torí 3 ò tó 4.5. Touchdown nìkan ló lè gbà yín. Òfin 2024 sọ pé touchdown ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ gba bọ́ọ̀lù parí eré, láìsí ìgbá kankan lẹ́yìn rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi dúró sí 6. Láti 2025, ẹgbẹ́ kejì náà gbọ́dọ̀ gba bọ́ọ̀lù, nítorí náà ẹ má ka 6 irú èyí mọ́ ohun tó ń bọ̀.

Jaguars ń ṣíwájú 17-7 lọ́dọ̀ Dolphins, Travis Etienne sì ti súnmọ́ ìlà góòlù kí bọ́ọ̀lù tó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Eré tó tẹ̀ lé e, Tyreek Hill ti Dolphins gba touchdown 80 yards. Èèyàn tó mú Dolphins −3.5 tó wá ń sọ pé àbọ̀ pọ́ìntì ló jẹ òun níyà ti gbàgbé pé ẹgbẹ́ òun ti fẹ́ gba ìyà 24-7. Seahawks fi safety méjì (àṣìṣe nínú end zone ẹni tó ń fún alátakò ní pọ́ìntì méjì) tọrẹ, pọ́ìntì mẹ́rin gbáko, nínú eré tó parí sí ìlà gẹ́lẹ́. Safety ò wọ́pọ̀, ẹ má fi ṣe ìwọ̀n fún wọn. Steelers ò gba touchdown kan ṣoṣo wọlé: Chris Boswell fi field goal mẹ́fà kó gbogbo 18. Tíkẹ́ẹ̀tì wọlé dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá torí ẹ̀ gbé ìwọ̀n àwọn agbábọ́ọ̀lù iwájú wọn sókè ń tan ara rẹ̀.

Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi lẹ́tà kan sí i láìwo èsì: A bí eré bá lọ bí ẹ ṣe sọ, D bó bá gba ọ̀nà míì. Èmi á fún Dolphins ní D, Chiefs ní B, Steelers ní B, Lions ní D.

Ọ̀gá Ìlà

Ìyá, mo gbà fún yín lórí Saints. Lórí Lions, rárá. Ẹni tó ra −4.5 ra àfikún àkókò mọ́ ọn, ó wà nínú owó rẹ̀. D ti pọ̀ jù, C ni.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà

Ẹ gbé e sínú Excel báyìí. A: ọjọ́ àti aago tí ẹ mú un. B: ẹgbẹ́. C: ìlà yín pẹ̀lú àmì rẹ̀. D: óòdù, bíi 1.909. E: ìlà ìparí ẹgbẹ́ yẹn kan náà. F: pọ́ìntì ẹgbẹ́ yín. G: ti alátakò. Lẹ́yìn náà:

H: =F2-G2+C2
I: =IF(H2>0,"W",IF(H2<0,"L","P"))
J: =C2-E2
K: =IF(I2="W",11000*(D2-1),IF(I2="L",-11000,0))
L: lẹ́tà Ìyá Ẹléré

Nínú I, W ni ó wọlé, L ni ó gé, P ni owó padà. J ni iye tí ẹ fi na ìlà ìparí. Ẹ mú −3, ó parí sí −4: −3 yọ −4 jẹ́ +1, ẹ rà á dáadáa. Ẹ mú +3.5, ó parí sí +3: +0.5. Ètò kan náà ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ tó ń fúnni àti èyí tó ń gbà. J lẹ máa wò láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, torí ó máa ń fi ojú hàn kí I tó fi hàn. Bí J bá ń jẹ́ òdì lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún tẹ́tẹ́, ẹ má jẹ́ kí W tàn yín.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́: bí ẹ bá kọ èsì 16-10 sínú àpótí kan, Excel á sọ ọ́ di ọjọ́ inú oṣù, 5-4-1 náà bẹ́ẹ̀. Ẹ pín èsì sí F àti G. Níbi tí ilé tẹ́tẹ́ bá kọ PK (kò sí ẹgbẹ́ tó ń fúnni ní pọ́ìntì), ẹ kọ 0, torí lẹ́tà á ba H jẹ́. Ojúlé tó bá sì gbé ìlà méjì fún eré kan, èyí tí ẹ san owó lé nìkan ni kó wọ C.

Alákọsílẹ̀

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti gbé e wọlé. H mi fún Steelers jáde ní 4.5, ṣé ó tọ̀nà?

Ọmọ Kọ̀ǹpútà

Rárá o. −3.5 lẹ kọ sí C. Wọ́n ń gba pọ́ìntì ni, +3.5: 18 yọ 10, fi 3.5 kún un, 11.5. W ló máa jẹ́ lọ́nà méjèèjì, ìdí nìyẹn tí irú àṣìṣe yìí fi máa ń sá pamọ́. Ẹ tún E wò, ó ṣeé ṣe kí àmì tibẹ̀ náà ti yí, J yín á sì ti dàrú.