Àbúrò mi tó ní bipolar: ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí ẹ̀gbọ́n wa tó gbé e lọ sí àgọ́ àdúrà

Ìyá Ìbejì Ìsánlú:
Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi á gùn, ó ti sú mi ni. Àbúrò mi ọkùnrin ni. Dókítà ní Ìlọrin ló sọ pé bipolar ló ń ṣe é, àìsàn ọpọlọ tó máa ń gbé ọkàn ènìyàn gòkè, tó tún máa ń já a wálẹ̀. Ó ní kí ẹbí lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa àìsàn náà. Níbo ni ká ti kọ́ ọ? Kò sọ. Ó kọ oògùn, ó pe ẹlòmíràn wọlé.

Ohun tí ojú mi ti rí kọjá àfẹnusọ. Nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, kì í sùn, kì í sì í rẹ̀ ẹ́. Ó kó owó káṣú tí gbogbo wa jọ ni, ó fi ra páànù, ó gun orí ilé bàbá wa lóru, ó ń ṣí òrùlé. Ó ní hòtẹ́ẹ̀lì lòun fẹ́ sọ ọ́ dà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ibẹ̀ ló ti já bọ́ tí ẹ̀yìn fi ń dùn ún títí di òní. Páànù náà ṣì fara ti ògiri, òjò ń pa á. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ pátápátá: kò wẹ̀, kò jẹun, ó kọjú sí ògiri, ó ní ká jẹ́ kí òun kú. Ìyàwó rẹ̀ kó ẹrù, ó padà sílé bàbá rẹ̀ ní Mọ̀pà. N ò bá ìyàwó wí, ìyá rẹ̀ ni mo bá wí, tó ń kiri ọjà pé wèrè wà nínú ìdílé wa. Mò ń ra gàrí lọ́wọ́, mo sì ń gbọ́ ọ létí ara mi!

Ẹ̀gbọ́n wa àgbà wà ní Àbújá, kò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ rí. Ọkọ mi ló ń ra oògùn, ó sì ti ń kùn. Ẹ̀gbọ́n yìí ló wá pè lónìí pé òun ń bọ̀ lọ́la, òun fẹ́ gbé e lọ sí àgọ́ àdúrà kan, kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta láìfi omi kan ẹnu.

Èyí tó dùn mí jù ni àbúrò mi fúnra rẹ̀. Ara rẹ̀ ti yá, ó ti padà sí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún fóònù ṣe, àfi ìjẹta tó tún bẹ̀rẹ̀ ọtí. Ó ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí tíì ń dà sí i láyà, ọ̀rọ̀ ń wúwo lẹ́nu rẹ̀. Ó ní òun kò mu nǹkan kan. Mo ti gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ? Ta ló sì mọ ibi tí ẹbí ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí?

Ìyá Olú Kàbà:
Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá mi. Ohun tó ṣe ọkọ mi gan-an nìyí. Ìgbà tó ń rẹ̀ ẹ́ ni a kọ́kọ́ rí, a ò mọ̀ pé ó lápá kejì. A lọ sí kẹ́míìsì, wọ́n fún un ní amitriptyline. Inú wa dùn pé ó dìde. Àṣé ńṣe ló ń fò lọ! Ó fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, ó ń yá àwọn ènìyàn tí kò mọ̀ rí lówó. Dókítà ló wá ṣàlàyé pé ẹni tó ní bipolar tó bá ń lo oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì nìkan, láìsí èyí tó ń mú ọkàn dúró sójú kan, ó lè gbé e gòkè bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí oògùn dá o.

Bàbá Ẹ̀gbẹ̀:
Ọmọ mi, gbogbo nǹkan kọ́ ni ti dókítà. Láyé àwọn bàbá wa, wọ́n á dè é mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á gbàdúrà, á sì sàn. Jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ gbé e lọ.

Ọmọ Bùnú:
Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n de ẹ̀gbọ́n ìyá mi mọ́ igi, ojú ṣẹkẹṣẹkẹ náà kò kúrò lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀ títí tó fi kú, àìsàn náà kò sì lọ. Láti oṣù kìíní ọdún 2023 tí Ààrẹ Buhari ti buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun, aláìsàn ọpọlọ ní ẹ̀tọ́ tiẹ̀ lábẹ́ òfin. Òfin 1958 tí ó ń pè wọ́n ní wèrè ni ìyẹn rọ́pò.

Bàbá Ẹ̀gbẹ̀:
Ṣé òfin ló ń wo ènìyàn sàn ni?

Nọ́ọ̀sì Títí:
Ẹ dákẹ́ ná, ẹ jọ̀ọ́. Ìyá Ìbejì, oògùn wo gan-an ni wọ́n kọ fún un? Ṣé ó ń bì tàbí ó ń yàgbẹ́? Ṣé ẹ gbóòórùn ọtí lẹ́nu rẹ̀? Oògùn mìíràn wo ló ń lò pẹ̀lú ti Ìlọrin?

Ìyá Ìbejì Ìsánlú:
Ẹ ṣeun gbogbo yín. Bàbá, a ò ní dè é, ọmọ bàbá mi ni. Nípa fóònù, ẹnì kan bá mi wí níkọ̀kọ̀ pé n kò yẹ kí n gbà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kò tíì san gbèsè tí ẹlòmíràn fi fóònù jẹ, ẹ fi mí sílẹ̀. Nígbà tí orí rẹ̀ gbóná, orí fóònù yẹn ló ti yá owó ní ibi mẹ́rin, orúkọ mi ló sì fi ṣe onídùúró.

Adé Ìyàrà:
Ẹgbẹ́ kan tó ń ṣèrànwọ́ lórí ìlera ọpọlọ, Mentally Aware Nigeria Initiative, tí a ń pè ní MANI, ti wà láti 2016. Ẹ lè kàn sí wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ọ̀dọ́ ló wà níbẹ̀, wọn kì í fi ènìyàn ṣẹ̀sín. Ẹ má jẹ́ kí oògùn dá.

Nọ́ọ̀sì Títí:
Ìyá Ìbejì, ẹ kò dá mi lóhùn. Ọ̀rọ̀ fóònù lè dúró. Ẹ wo pákẹ́ẹ̀tì oògùn rẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ tó wà lára rẹ̀ síbí.

Ìyá Ìbejì Ìsánlú:
Lithium ni, wọ́n ní òun ló ń mú ọkàn dúró sójú kan. Kò dá rárá, ọwọ́ mi ni mo fi ń fún un láàárọ̀ àti lálẹ́. Wọ́n ní ká máa wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní Ìlọrin, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ wọ́n, ara rẹ̀ sì ń yá, kí la tún fẹ́ yẹ̀ wò? Ibà ló mú un níjẹrin, láti ìgbà náà ló ti ń bì, tó sì ń yàgbẹ́. Mò ń fún un ní ibuprofen fún ẹ̀yìn tó ń dùn ún, kẹ́míìsì ní kò léwu. N kò gbóòórùn ọtí lẹ́nu rẹ̀, n ò ní purọ́, ṣùgbọ́n kí ló tún ń mú ènìyàn rìn bẹ́ẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Títí:
Ìyá mi, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé lithium ló ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n gidi, ẹsẹ̀ tí kò dúró, ọ̀rọ̀ tó ń wúwo, èébì, ìgbẹ́ gbuuru: àmì rẹ̀ nìyẹn. Omi àti iyọ̀ tó ń jáde lára ń mú kí kíndìnrín dá lithium dúró dípò kó tọ̀ ọ́ nù, àwọn oògùn ìrora bí ibuprofen àti diclofenac sì ń ṣe irú rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nìyẹn. A sábà máa ń fẹ́ kó wà láàárín 0.6 sí 1.0, tó bá ti kọjá 1.5, ó ti ń di májèlé.

Ẹ má fún un ní ti alẹ́ yìí. Ẹ má fún un ní ibuprofen mọ́. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn nísinsìnyí, kí ẹ kó gbogbo pákẹ́ẹ̀tì dání, kí ẹ sì sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé lithium ló ń lò. Ààwẹ̀ láìmu omi lè pa á.

Adé Ìyàrà:
Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀.

Ọmọ Bùnú:
Lálẹ́ yìí? Ẹ kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn ni? Wọ́n á jí wọn gbé!

Nọ́ọ̀sì Títí:
Èyí tó bá sún mọ́ wọn jù ní Ìsánlú ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ. Kí wọ́n fa omi sí i lára, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Tí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n lè gbé e lọ sí ibi tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá Ẹ̀gbẹ̀:
Ọmọ mi, tètè lọ. Màá máa gbàdúrà láti ibí. Tó bá di pé ẹ wá sí Ẹ̀gbẹ̀ láàárọ̀, pè mí, ilé mi kò jìnnà sí ọsibítù.

Ìyá Ìbejì Ìsánlú:
Ọkọ mi ti lọ bẹ aládùúgbò pé kó fi ọkọ̀ gbé wa.

Ìyá Ìbejì Ìsánlú (lọ́jọ́ kejì, lọ́sàn-án):
Ìlọrin la wà. Wọ́n fa omi sí i lára ní Ìsánlú títí ilẹ̀ fi mọ́ ká tó gbéra. Lithium náà ni. Wọ́n ní tí kíndìnrín rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ̀rọ ni wọ́n á fi fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń tọ̀, ó sì ti mọ orúkọ mi pè dáadáa. Ẹ̀gbọ́n wa dé pẹ̀lú ìbínú pé a kò dúró de òun. Dókítà bá a sọ̀rọ̀, òun ló san owó bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀rọ̀ àgọ́ kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ o. Nọ́ọ̀sì Títí, Ọlọ́run á dá yín lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí mo bèèrè, ẹnikẹ́ni kò tíì sọ ọ́. Ṣé wọ́n á tún fún un ní lithium?

Nọ́ọ̀sì Títí:
Dókítà rẹ̀ ló lè sọ ìyẹn, lẹ́yìn tí wọ́n bá yẹ kíndìnrín rẹ̀ wò. Ó lè jẹ́ òun náà ní ìwọ̀n tó kéré sí i, ó lè jẹ́ òmíràn. Ẹ má bínú sí lithium fúnra rẹ̀. Láti 1949 tí John Cade ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Australia ni wọ́n ti ń fi tọ́jú irú àìsàn yìí, ó sì wà lára èyí tó ń dín ewu ìfọwọ́-ara-ẹni-pa-ara-ẹni kù. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa tọ́jú oògùn náà pa mọ́ o, nítorí ọ̀rọ̀ ikú tó sọ nígbà tó rẹ̀ ẹ́.

Ní ti ẹ̀kọ́: ní 2003, àwọn oníṣègùn ní Barcelona tẹ ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 120 tó ní bipolar, tí gbogbo wọn ń lo oògùn. Wọ́n fi ìpàdé 21 kọ́ apá kan nípa àìsàn wọn, apá kejì kàn ń jókòó pọ̀ sọ̀rọ̀. Àìsàn náà kò padà bá àwọn tí wọ́n kọ́ tó bó ṣe ń padà bá àwọn yòókù. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín jókòó pẹ̀lú nọ́ọ̀sì ọpọlọ kí wọ́n tó dá a sílẹ̀. Ẹ bi í léèrè nípa oorun, nítorí òun ló sábà máa ń kọ́kọ́ dà rú; ìṣọ́ òru léraléra kò dára fún un. Ẹ bi í ohun tí ẹ máa ṣe tó bá tún ní ibà. Kí àbúrò yín náà wà níbẹ̀, òun ló mọ bó ṣe máa ń rí lára òun ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ìyá Olú Kàbà:
Àwa obìnrin díẹ̀ tí ọkọ tàbí ọmọ wa ní in máa ń pàdé nílé mi ní Kàbà lọ́sàn-án Sátidé tó kẹ́yìn oṣù. A kì í gba owó. Nọ́ọ̀sì kan máa ń wá bá wa nígbà mìíràn. Ìyá Ìbejì, ẹ wá, ẹ mú ìyàwó rẹ̀ tó wà ní Mọ̀pà dání tó bá gbà.

Ìyá Ìbejì Ìsánlú:
Màá wá. Ti ìyàwó yẹn, màá kọ́kọ́ bi àbúrò mi ná.