Star, chain tàbí Wi-Fi: èwo ló yẹ ilé ìwé wa?

TísàÈbúté: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ibí. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà ní sẹ́kọ́ńdìrì kan ní Èbúté-Mẹ́tta, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí owó tá a máa fi so gbogbo kọ̀ǹpútà wa pọ̀, wọ́n wá ní kí n mú ọ̀nà tá a máa gbà ṣe é wá. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ẹ̀yìn ni lab wà, kọ̀ǹpútà 40 ló wà níbẹ̀, òfíìsì bursar àti ti prínsípà wà nílé iwájú, tá a bá tẹ̀lé ògiri lọ ó máa tó mítà 120. Ẹni tó wá wò ó ní ká to switch (àpótí oníhò tí wọ́n ń ki wáyà àwọn kọ̀ǹpútà bọ̀ kí wọ́n lè bára wọn sọ̀rọ̀) kéékèèké láti kíláàsì kan bọ́ sí èkejì títí dé òfíìsì, pé wáyà ò ní pọ̀. Ẹlòmíì ní ká má wulẹ̀ fa wáyà, ká lo Wi-Fi. Èwo ni kí n mú? Mi ò fẹ́ kí owó àwọn òbí ṣòfò.

WáyàÒtígbà: Ẹ̀gbọ́n tísà, star ni o. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan á ní wáyà tiẹ̀ tó lọ tààrà sí switch kan láàrin, tí ti ẹnì kan bá já, òun nìkan ló máa jókòó, àwọn 39 tó kù á máa báṣẹ́ lọ. Chain tí wọ́n júwe fún yín yẹn, tí switch kíláàsì kejì bá kú, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ló bá a lọ. Switch oníhò 48 kan ti gbé lab yín. Ilé iwájú ló le díẹ̀, torí CAT6, wáyà bàbà tí wọ́n fi ń so kọ̀ǹpútà pọ̀, ò gbọdọ̀ ju mítà 100 lọ, fáíbà ni kẹ́ ẹ fi so ilé méjèèjì. Ọ̀nà jíjìn nìkan kọ́, wáyà bàbà tó ti ilé kan bọ́ sí èkejì lè gbé wàhálà àrá wọlé, ẹ sì mọ bí àrá ṣe máa ń sán l'Ékòó tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Gíláàsì ni fáíbà, iná mànàmáná ò lè gba inú ẹ̀.

Mọ̀míMushin: Gbogbo ilé ìwé kọ́ ló lówó fáíbà o. Tèmi ní Mushin, kọ̀ǹpútà mẹ́wàá, Wi-Fi la fi ń ṣe é, a ò ráhùn.

Olùkọ́Yaba: Mọ̀mí, ẹ kú iṣẹ́ mà, àmọ́ mẹ́wàá yàtọ̀ sí 40. Afẹ́fẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń pín lórí Wi-Fi, tí ẹnì kan bá ń ránṣẹ́ àwọn tó kù ń dúró dè é. Láti 2015 tí JAMB ti pa bébà tì, lab yìí làwọn ọmọ máa fi dánra wò, tí 40 bá jọ tẹ submit lẹ́ẹ̀kan náà ẹ máa mọ̀ pé wáyà dáa. Fóònù àti laptop àwọn tísà ni kẹ́ ẹ fi Wi-Fi sí, kó jẹ́ pé orí star yẹn náà ló jókòó sí.

Tísà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ loop, ìyẹn kí wáyà yípo padà sí ibi tó ti wá. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí mo ti ṣiṣẹ́, ẹnì kan rí wáyà tó wà nílẹ̀, ó ki orí méjèèjì bọ switch kan náà, kò pẹ́ rárá gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì dákú, kò sẹ́ni tó lè ṣe nǹkan kan títí a fi rí wáyà yẹn yọ. Managed switch, èyí tẹ́ ẹ lè wọ inú ẹ̀ ṣètò, ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ sì tan spanning tree inú ẹ̀, òun ló máa ń dí irú loop bẹ́ẹ̀. Switch yẹn náà lẹ máa fi pín VLAN, ìyẹn ni kẹ́ ẹ pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọmọ tó wà ní lab má lè dé kọ̀ǹpútà bursar àti ibi tí máàkì wà. Ọ̀rọ̀ máàkì yìí ká mi lára gan-an, a ò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ gbayawu.

Bus tó wà nínú ìwé àwọn SS, ẹ kọ́ wọn torí ìdánwò, ẹ má rà á: wáyà kan ló ń gba ẹ̀yìn gbogbo kọ̀ǹpútà kọjá, ti 10BASE2, irú bus àtijọ́ kan, ò gbọdọ̀ ju mítà 185 lọ, tí terminator (ìdérí tó wà ní ìparí wáyà) orí kan bá sì yọ gbogbo lab ti lọ nìyẹn.

TísàÈbúté: Ẹ ṣé gan-an ni. Wáyà wá ńkọ́? CAT6 ni wọ́n kọ sára méjèèjì, owó wọn sì jìnnà síra. Tí NEPA bá mú iná lọ ńkọ́?

WáyàÒtígbà: Èyí tó pọ́ọ́kú yẹn lè jẹ́ CCA, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lára. Ẹ fi ọ̀bẹ họ ọ́, tí inú ẹ̀ bá funfun ẹ dá a padà fún wọn, ó máa ń tètè kán, tẹ́ ẹ bá sì fi gbé iná fún kámẹ́rà tàbí Wi-Fi ó lè gbóná. Ti iná, ẹ fi UPS sí switch ilé méjèèjì àti server, kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn tó kù lóhùn. Kẹ́ ẹ tó san owó tó kù fún ẹni tó fa wáyà, kó kọ nọ́ńbà sí orí wáyà kọ̀ọ̀kan lọ́tùn-ún lósì, kó sì fi tester yẹ gbogbo ẹ̀ wò lójú yín.