Àbọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọmọ mi

Ẹ kú àdúrótì o. Mo béèrè níjọ́sí nípa ọmọ mi, ọmọ ọdún 6 tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá àmọ́ tí kì í lè to ọ̀rọ̀ pọ̀. Àwọn kan ní kí n pa Yorùbá tì, kí Gẹ̀ẹ́sì lè yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

Developmental language disorder ni wọ́n pè é, ìyẹn ìṣòro kíkọ́ èdè àti lílò ó láti kékeré. Nínú ọmọ 30, ó tó 2 tó máa ń ní in. Èdè méjì kọ́ ló ń fà á rárá, nítorí náà Yorùbá wa dúró digbí.

Sùúrù ló ràn wá lọ́wọ́ jù. Bí mo bá bi í ní nǹkan, màá pa ẹnu mọ́, màá máa wo ojú rẹ̀ títí ọ̀rọ̀ yóò fi jáde. Tó bá ní, "Mọ́mì, ajá búrẹ́dì," màá ní, "Háà, ajá ti jẹ búrẹ́dì ẹ!" N kì í ní kó tún un sọ. Dípò "Kí lo fẹ́ jẹ?", "Ṣé àmàlà ni àbí ìrẹsì?" ni mò ń bi í. Olùkọ́ rẹ̀ náà ti ń rán an níṣẹ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ ṣé gan-an, pàápàá ìyá tó ní ká kọ́kọ́ lọ yẹ etí rẹ̀ wò. Etí rẹ̀ yá gágá. Mo pa ìbéèrè mi dé báyìí.