Repo kejì fún iṣẹ́ open source: ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí ojú wa ti rí

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀:

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ kan ti wà láàárín èmi àti àwọn mẹ́ta tí a jọ ń tọ́jú iṣẹ́ open source kan, a ò sì tíì rí i yanjú. Láíbúrérì kékeré ni, ìyẹn kóòdù tí ètò míì ń yá lò, tí ń bá èèyàn ka fáìlì CSV (dátà onílà tí kọ́mà pín) tó ti bàjẹ́. Repo kan ṣoṣo, ìyẹn ibi tí a ń kó kóòdù sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, la ní. Ibẹ̀ ni kóòdù wà, ibẹ̀ ni issue (ìròyìn àṣìṣe àti ìbéèrè àwọn tó ń lò ó) wà, ibẹ̀ náà la ti ń gbé ẹ̀dà tuntun jáde. Ọ̀kan nínú wa ní ká ṣí repo kejì sí ilé míì, ìyẹn ìkànnì míì tó ń gba kóòdù sílé, kó má di pé bí ilẹ̀kùn kan bá tì, gbogbo wa wọ gàù. Ẹlòmíì fàáké kọ́rí, ó ní ẹrù tí a ò ní lè gbé ni.

Èmi fara mọ́ repo kejì, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo dá sílẹ̀ láyé mi wà ní ilé kan tó ti kógbá wọlé báyìí. Wọ́n kéde rẹ̀, wọ́n sì fún wa láyè, àmọ́ ímeèlì tí mo fi forúkọ sílẹ̀ ni mi ò lò mọ́. Ìgbà tí mo máa fi mọ̀, wọ́n ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Kóòdù ò sọnù, torí ó wà lórí kọ̀ǹpútà mi. Bí Git, ètò tó ń tọ́jú ìtàn àyípadà kóòdù, ṣe rí nìyẹn, ẹni tó bá ti clone iṣẹ́ (tó dà á kọ sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀) ti gbé gbogbo ìtàn rẹ̀ lọ. Ohun tó sọnù ni ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́rin tí èmi àti àwọn tó ń lò ó jọ sọ: ẹni tó ṣàlàyé ìdí tí ìlà òfìfo fi ń dà á láàmú, ẹni tó fi fáìlì tó ń fa wàhálà ránṣẹ́. Títí dòní, ìlà kan wà nínú kóòdù yẹn tí mo kọ sí lórí pé "wo issue 41". Issue 41 ò sí níbì kankan mọ́.

Ẹ má sì rò pé ilé kéékèèké nìkan ló ń kógbá. Oṣù kẹta 2015 ni Google kéde pé àwọn máa ti Google Code. Nígbà tí oṣù kìíní 2016 fi máa parí, ó ti tì. Ọdún 2015 kan náà ni GitLab ra Gitorious, tí wọ́n sì pa á dé. Microsoft ti CodePlex ní 2017. Bitbucket ò tì ní tiẹ̀, ṣùgbọ́n ní 2020 ó yọwọ́ kúrò nínú Mercurial, ètò míì tó ń ṣe irú iṣẹ́ Git, iṣẹ́ tó wà lórí Mercurial níbẹ̀ ní láti yí sí Git tàbí kó wá ibòmíì gbà.

Ẹ bá mi dá sí i. Ohun tí ojú yín fúnra yín rí ni mo fẹ́ gbọ́ jù.

Olùtọ́jú iṣẹ́:

Ẹ ṣí i, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi ná. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan la ṣí tiwa. A ṣètò rẹ̀ kó máa da kóòdù kọ fúnra rẹ̀ ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà, a sì gbọ́kàn kúrò níbẹ̀. Ilé tí a ṣí i sí lókìkí ju ilé gidi wa lọ, nítorí náà bí èèyàn bá wá orúkọ iṣẹ́ wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mirror yẹn, ìyẹn repo tó kàn ń da ti ilé gidi kọ, ló máa kọ́kọ́ rí.

Arákùnrin kan rí ihò ààbò nínú bí a ṣe ń tú fáìlì zip. Bí wọ́n bá fi `../` sínú orúkọ fáìlì, ó lè jáde kúrò nínú fódà tó yẹ kó wà, kó lọ kọ nǹkan síbi tí kò tọ́. Ó tún un ṣe fúnra rẹ̀, ó kọ test (kóòdù tó ń dán an wò) sí i, ó fi pull request, ìyẹn àyípadà tó ní ká gbà wọlé, ránṣẹ́ sí mirror. Oṣù méje ló fi wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó". Ìgbà tí ẹlòmíì rí ihò kan náà tó sì kọ sí wa níbi gidi la tó lọ wo mirror. Fún oṣù méje yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá ya ibẹ̀ ló lè ka bí wọ́n ṣe lè fi ihò náà ṣe ìkà, nígbà tí àwa tó ni iṣẹ́ ò mọ̀. Mo kọ̀wé tọrọ àforíjì lọ́wọ́ arákùnrin náà. Kò fèsì, mi ò sì bá a wí. Ẹni tó fi àkókò ara rẹ̀ ṣe wá lóore, a kọ̀yìn sí i. Ó ṣì ń dùn mí.

Báyìí, ìlà àkọ́kọ́ README wa, fáìlì àlàyé tí èèyàn máa kọ́kọ́ rí nínú repo, ló ń sọ ibi tí repo gidi wà. A ti pa issue lórí mirror, bot (ètò tó ń dá ṣiṣẹ́) kan sì wà tó ń ti pull request tó bá wọlé níbẹ̀, tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni náà, tó sì ń júwe ilé gidi fún un. Kernel Linux, ọkàn ètò Linux, pàápàá ò bọ́ nínú èyí: ẹ̀dà Linus Torvalds tó dá a sílẹ̀ wà lórí GitHub, ilé kóòdù kan, mailing list (ímeèlì ẹgbẹ́) ni wọ́n ti ń gba patch, ìyẹn àyípadà kóòdù, síbẹ̀ àwọn èèyàn ò yéé fi pull request ránṣẹ́ síbẹ̀.

Ẹni tó ń tọ́jú server:

Kí ẹnikẹ́ni má fi mirror ṣe backup (ẹ̀dà ìpamọ́) o. Mo ti jìyà rẹ̀.

Àwọn kan nínú wa ń ṣe àdánwò lórí repo kejì, branch (ẹ̀ka kóòdù) tiwọn wà níbẹ̀ tí kò sí nínú repo gidi. Èmi clone repo gidi bí gbogbo èèyàn ṣe ń clone, mo sì tẹ `git push --mirror` sí ìkejì. Àṣẹ yẹn ń mú kí ọ̀hún bá ìhín dọ́gba délẹ̀. `main` nìkan ni branch tó wà lọ́dọ̀ mi, ló bá pa mọ́kànlá rẹ́ lọ́hùn-ún láì bi mí léèrè ohunkóhun. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹnì kan tó ti clone ìkejì ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí KDE, ẹgbẹ́ kan tó ń ṣe ètò open source, ní oṣù kẹta 2013 tóbi ju tèmi lọ fíìfíì. Wọ́n pa server Git wọn láti ṣe àtúnṣe ààbò, wọ́n tún un tàn, fáìlì orí rẹ̀ sì ti ń bàjẹ́. Repo bíi 1,500 ló wà níbẹ̀. Àwọn mirror ṣe ohun tí wọ́n kọ́ wọn: wọ́n da ìbàjẹ́ náà kọ. Server kan ló ṣẹ́ kù tí ẹ̀dà tó dára wà lórí rẹ̀, òun ni wọ́n fi gba gbogbo rẹ̀ padà.

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, òótọ́ lẹ sọ nípa issue. Ọjọ́ 31 oṣù kìíní 2017, òṣìṣẹ́ GitLab kan ṣèèṣì pa database tí wọ́n ń lò gan-an rẹ́. Repo Git ò ní nǹkan kan. Issue àti comment bíi wákàtí mẹ́fà ló lọ.

Ẹni tí kò fara mọ́ ọn:

Àwa méjì péré la wà, lẹ́yìn iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ la ń ṣe tiwa. A ṣí repo méjì, a sì ń push (fi kóòdù ránṣẹ́) sí méjèèjì. Kò pé oṣù kan tí ẹ̀dà `v2.1` tó wà níhìn-ín ò bá `v2.1` tó wà lọ́hùn-ún mu mọ́. Àwọn tó ń lò ó ń ròyìn àṣìṣe tí a ò lè rí lórí kọ̀ǹpútà wa. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi wá a. A ti pa ìkejì, ara sì tù wá.

Olùtọ́jú iṣẹ́:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Àmọ́ push sí méjèèjì yẹn ló fa á. Ojú kan ni kí kóòdù máa gbà wọlé, kí ìkejì máa gba ohun tí àkọ́kọ́ bá fún un.

Ẹni tí kò fara mọ́ ọn:

Mo gbà. Ta ló máa wá tọ́jú ohun tó ń dà á kọ? Token rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ tó fi ń wọlé, á kú lọ́jọ́ kan, á dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Àwọn èèyàn á máa gba kóòdù ọdún tó kọjá níbẹ̀, wọ́n á rò pé tuntun ni.

Ẹni tó ń lo contrib:

Repo kejì tí èmi mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ẹ ń sọ, ṣùgbọ́n wọ́n jọra. Àwọn tó ń lo iṣẹ́ wa máa ń kọ àfikún tiwọn, a ò sì fẹ́ kó o sínú repo àgbà, la bá ṣí contrib, repo àfikún. OpenCV, láíbúrérì tó ń bá kọ̀ǹpútà wo àwòrán, ní irú rẹ̀, opencv_contrib, ibẹ̀ ni module tuntun tí kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ń gbé. Tó bá gbó tí èèyàn sì ń lò ó, wọ́n lè gbé e wọ repo àgbà. Tiwa ò ní ìlànà kankan. Lẹ́yìn ọdún méjì, nínú script (ètò kékeré) ogójì, mẹ́fà ló ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ò tilẹ̀ ní ìwé-àṣẹ, èyí tó túmọ̀ sí pé kò sẹ́ni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti pín wọn kiri, bẹ́ẹ̀ ìdí tí a fi ṣí ibẹ̀ nìyẹn! Ọ̀dọ̀ wa sì ni gbogbo ẹ̀sùn ń bọ̀, torí orúkọ wa ló wà lẹ́nu ọ̀nà.

A ti wá sọ ọ́ di dandan kí script kọ̀ọ̀kan ní olówó rẹ̀ àti ìwé-àṣẹ. Test ń ṣiṣẹ́ lórí wọn ní alaalẹ́. Èyí tó bá kùnà fún ọgbọ̀n ọjọ́ tí olówó rẹ̀ ò dáhùn, a ń yọ ọ́.

Ọmọ ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìtumọ̀:

Ẹnì kan tí a jọ ń ṣe ìtumọ̀ èdè fún iṣẹ́ wa ń gbé ní orílẹ̀-èdè tí Amẹ́ríkà fi òfin ọrọ̀-ajé dè. Ó jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, account rẹ̀ ti tì. Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń fi `git format-patch` di iṣẹ́ rẹ̀ sínú ímeèlì, tí èmi sì ń fi `git am` gbé e wọlé fún un. Bí a bá ti ní ojúlé kejì tí gbogbo wa ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ì bá má jẹ ìyà yẹn. A ti ní ọ̀kan báyìí lórí Codeberg, tí ẹgbẹ́ aláìlérè kan ní Jámánì ń bójú tó. Àwa ò ti pull request níbẹ̀ ní tiwa. A yan ẹnì kan tó ń lọ wò ó ní ọjọọjọ́ Ajé.

Ẹni tó ń kọ PHP:

Ìparí oṣù kẹta 2021 ò lè kúrò lọ́kàn mi, torí PHP, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni mo fi ń jẹun. Ẹnì kan fi commit (àyípadà kóòdù) burúkú méjì sínú git.php.net, server kóòdù PHP, ó fi orúkọ Rasmus Lerdorf àti Nikita Popov, méjì nínú àwọn tó ń ṣe PHP, sí i, ó sì pè é ní àtúnṣe àṣìkọ. Wọ́n tètè rí i, kò dé inú ẹ̀dà tí wọ́n gbé jáde. Lẹ́yìn náà, wọ́n pa server tiwọn tì, wọ́n sì sọ repo orí GitHub, tó jẹ́ mirror lásán tẹ́lẹ̀, di repo gidi. Torvalds náà gbé kernel sórí GitHub fúngbà díẹ̀ ní 2011, nígbà tí àwọn olè já wọ kernel.org, ilé kernel náà.

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀:

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo kó gbogbo rẹ̀ lọ bá àwọn mẹ́ta yòókù lánàá. A máa ṣí repo kejì, kò ní gba pull request, README á sì sọ bẹ́ẹ̀ lókè pátápátá. A ó máa fi kọ́kọ́rọ́ GPG, tí a fi ń bu ọwọ́ lu nǹkan lórí kọ̀ǹpútà, bu ọwọ́ lu tag (àmì ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan), kí ẹni tó bá gbà á níbi kejì lè mọ̀ pé tiwa ni.

Ọ̀rọ̀ token tí ẹ sọ yẹn ló wọ̀ mí lára jù. Mo ti kọ script tó ń fi commit tó kẹ́yìn ní ibi méjèèjì wéra lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá yàtọ̀ ju ọjọ́ kan lọ, ímeèlì á dé ọ̀dọ̀ àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó fàáké kọ́rí láàárín wa ti kà á, ó sì ní òun á máa bójú tó o.

Issue ló kù. Mo ti fi API, ọ̀nà tí ètò fi ń bá ìkànnì sọ̀rọ̀, fa gbogbo rẹ̀ jáde sínú fáìlì JSON, 612 ni, àmọ́ àwòrán tí àwọn èèyàn lẹ̀ mọ́ wọn ò bá a wá, ìjápọ̀ wọn nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ bí ẹ ṣe ṣe é.